Ìkòkò Ìrẹsì Ló Kọ́kọ́ Dé

Bu Jongim ti wà lórí àkàbà láti agogo méje àárọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ họ bébà àtijọ́ kúrò lára ògiri. Omi tó fi rin bébà náà ń ṣàn gba apá rẹ̀ wọ inú ẹ̀wù, òtútù oṣù kìíní sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ṣùgbọ́n kò dúró. Yàrá kejì nìyí nínú ilé náà. Ó ti parí ti àkọ́kọ́ ní àná, ó ti lẹ bébà tuntun sí i, kò sì sí ibi kankan tó wú tàbí tó ká. Yàrá mẹ́fà mìíràn ṣì ń dúró dè é nínú ilé mẹ́ta, ọjọ́ méjì péré ló sì kù kí Ọ̀sẹ̀ Ìkẹ́rù parí.

Ní erékùṣù Jeju, ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni èèyàn ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Àwọn ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ilé, ti ààrò, ti ẹnu ọ̀nà, títí kan ti ilé ìgbẹ́, gbogbo wọn ti gòkè ọ̀run lọ jíhìn iṣẹ́ ọdún, àwọn tí yóò rọ́pò wọn kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Ohunkóhun tí èèyàn bá gbé tàbí tó bá wó nínú ọ̀sẹ̀ náà, kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Bí ó bá ti kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà gbogbo erékùṣù ni í kẹ́rù lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń lẹ bébà ògiri kì í sì í ráyè jókòó jẹun.

Àǹtí Sundok, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta bébà ògiri ní Hallim, ló fún un ní iṣẹ́ náà. Lórí fóònù ló ti sọ ọ́, kò sì gba èémí láàárín.

"Ilé kékeré kan ni, ní Mosulpo. Oníṣẹ́ tí mo fẹ́ rán lọ ṣubú lórí àkàbà, ó ti fẹsẹ̀ rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. Onílé kì í sí nílé lọ́sàn-án, má dúró dè é. Ó fẹ́ gbé ìyàwó wọlé ni, nítorí náà ṣe é kó dáa."

"Ìgbà wo ni mo ṣe é tí kò dáa rí, Àǹtí?"

"Mo mọ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Jongim ti ń ronú nípa ìyàwó yẹn láti àná. Orí rẹ̀ dáa, ó ti mọ ilé tó ń lọ, ó sì ti mọ ẹni tó ń fẹ́.

Nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ní gbèdéke. Ní ọjọ́ Àìkú, Hyon Gibom ti sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní kí ó fún òun lésì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí wọ́n lè kó papọ̀ lọ́nà tó yẹ. Bí Jongim kò bá sọ nǹkan kan títí di ọ̀la, ọdún kan gbáko ni wọ́n máa tún fi dúró, Jongim kò sì sí ní ọjọ́ orí tí èèyàn ń fi ọdún kan ṣòfò.

Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó dá a lójú pé irọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì mọ irọ́ wo ni.

*

Oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni wọ́n pàdé, nínú ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta núdù àti ọbẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àǹtí Sundok jókòó sáàárín wọn.

"Hyon Gibom nìyí, ọmọ Mosulpo pọ́ńbélé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe." Ó ń fi igi ìjẹun tọ́ka sí ọkùnrin náà bí ìgbà tó ń tọ́ka sí bébà lórí àtẹ. "Ọdún Ehoro ni wọ́n bí i, 1975. Ó dàgbà, ó gbọ́n, kò sí èyí tó ń sá kiri mọ́ lára rẹ̀."

Ọkùnrin náà há núdù sọ́nà ọ̀fun. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ata ni," ó ní.

Kò sí ata nínú ọbẹ̀ yẹn.

"Jongim nìyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," Àǹtí tẹ̀ síwájú. "Kò sí ọkùnrin kan tó ń lẹ bébà ní erékùṣù yìí tí ọwọ́ rẹ̀ dáa tó tirẹ̀. Ọdún Ẹṣin, 1978."

Jongim gbójú sókè. Ẹranko méjìlá ni wọ́n ń fi sọ ọdún lórúkọ ní Jeju, ọdún Dírágónì ni wọ́n sì bí i, 1976. Ó ya ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí sì fi ẹsẹ̀ ta á lójúgun lábẹ́ tábìlì. Jongim pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Lójú tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gé etí bébà díẹ̀ kí ó lè bá igun ògiri mu.

Nígbà tí Àǹtí dìde lọ sanwó, ọkùnrin náà nu ẹnu, ó sì bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe bí igun yàrá kò bá gún?"

"Ní Jeju?" Jongim dáhùn. "Mi ò tíì rí yàrá kan tí igun rẹ̀ gún rí. Afẹ́fẹ́ ló ń kọ́ ilé wa, káfíńtà kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ewú díẹ̀ wà lẹ́bàá etí rẹ̀, òróró ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ igun yàrá ni ọ̀rọ̀ tó dùn jù láyé. Láti ọjọ́ náà ni Jongim ti ń pè é ní Bùrọ̀dá Gibom. Ó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ lẹ́nu Àǹtí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé Gibom náà ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Jongim pè é ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Gapado, erékùṣù kékeré tó dojú kọ Mosulpo, láti lọ wo ọkà báálì nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kó sì fi káàdì ìdánimọ̀ hàn.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wa kọ ọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ yín," Gibom wí. Ó gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó tẹ̀ bo bébà méjèèjì mọ́lẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ kí ẹnì kejì wo iṣẹ́ òun.

Jongim na ọrùn. Gibom sún. Jongim yí sí ọ̀tún, ọkùnrin náà yí sí ọ̀tún. Obìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù wo káàdì Gibom, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ní, "Ṣé ẹ̀yin nìyí, pẹ̀lú ewú báyìí?" Gibom já káàdì náà gbà, ó fi sápò, etí rẹ̀ sì pọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni àárẹ̀ ọkàn ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ míràn ló wà lórí káàdì yẹn, Jongim sọ fún ara rẹ̀. Tàbí ọlọ́pàá ń wá a. Báálì náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò rí i dáadáa.

Àwọn nǹkan mìíràn wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Kò mú un lọ sí ilé rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ ọ̀nà àdúgbò rẹ̀, ó máa rántí pé ebi ń pa òun, á sì yí ọkọ̀ padà. Nígbà kan tí wọ́n pàdé arúgbó kan lẹ́bàá èbúté tó sì nahùn pè é, ó fa Jongim wọ inú ilé ìtajà ẹja tí kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà níbẹ̀.

*

Ìyá Jongim ló gbé ọ̀rọ̀ náà débi tó dé. Ní oṣù kọkànlá ó pe Gibom wá jẹun. Ó se ọbẹ̀ ẹja pẹ̀lú elégédé, ó gbé abọ́ kan tó kún dẹ́múdẹ́mú síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

"Eh... ọdún Ehoro, Màmá."

"O rò ó kí o tó dáhùn."

"Oúnjẹ wà lẹ́nu mi ni, Màmá."

"Kò tíì débẹ̀. Mo ń wò ọ́." Ìyá náà yí ọbẹ̀ tirẹ̀ po. "Níbo lò ń gbé?"

"Ní Mosulpo, ní ilé bàbá mi. Oṣù kẹwàá ni mo kó dé ibẹ̀."

Ṣíbí Ìyá Jongim dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Jongim gan-an gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

"Oṣù wo?"

"Kẹwàá, Màmá."

Ìyá náà na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gba abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú àlejò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Gibom ti lọ, ó rojọ́ títí ó fi fọ abọ́ tán. "Ọmọ Jeju wo ló ń kẹ́rù ní oṣù kẹwàá? Olè pàápàá ń dúró de Ọ̀sẹ̀ Ìkẹ́rù. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá lé jáde nìkan ni kì í dúró. Tàbí ará òkè òkun ni, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Mosulpo."

"Màmá, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀? Ahọ́n Mosulpo ni."

"Ìyàwó wà nílé yẹn, mo sọ tèmi. Nítorí kí ni kò fi fẹ́ kí o débẹ̀? Ọkùnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún sì ń fi 'ẹ' bá ọmọ tó kéré sí i sọ̀rọ̀! Ẹni tó bá jẹ̀bi ló máa ń tẹríba tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ó sì dọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn tí Gibom ti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, tí ọkàn Jongim sì ti fò sókè bí ẹyẹ, ó tún fi gbólóhùn kan bà á jẹ́.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fún mi lésì ná."

"Ìyàwó nìyẹn," Ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́. "Kí ló tún kù?"

*

Bébà àtijọ́ inú yàrá náà pọ̀. Òdòdó ló wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ìlà búlúù, lábẹ́ ìyẹn ìwé ìròyìn tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn. Jongim kì í ka ìwé ìròyìn tó bá bá lára ògiri. Ó ń gba àkókò. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti họ ẹ̀bá ilẹ̀kùn, níbi tí òpó igi kan dúró sí, ó fi omi rin ín, ó ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí awọ.

Ìlà wà lára igi náà. Wọ́n fi ìṣó họ wọ́n, ọ̀kan lókè èkejì, bí àwọn òbí ti í ṣe láti mọ bí ọmọ ṣe ń ga. Ó nù ún pẹ̀lú àkísà tútù.

*Giok, 1986, ọdún mọ́kànlá.*

Ìlà kejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ju ìbàdí Jongim lọ.

*Gibom, 1986, ọdún méje.*

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì kan ti wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láti àárọ̀ sì ni òórùn òróró ẹ́ńjìnnì ti ń wá láti ara rẹ̀, ó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo ọkùnrin Mosulpo ló ń rùn báyẹn. Giok ni orúkọ ẹ̀gbọ́n Gibom obìnrin. Ilé Gibom ló wà yìí.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe, ó sáré lọ sí ilé ìdáná. Abọ́ kan. Ṣíbí kan. Igi ìjẹun méjì péré. Lórí ẹrù tí wọ́n kó jọ sí igun, ìrọ̀rí kan ṣoṣo. Kò sí ìyàwó kankan nínú ilé yìí. Ó padà sí yàrá, ó jókòó sórí garawa gọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ohun tí Àǹtí sọ: onílé fẹ́ gbé ìyàwó wọlé. Ìyàwó tí ó ti ń jowú rẹ̀ láti àná, òun fúnra rẹ̀ ni. Yàrá ara rẹ̀ ló ń lẹ bébà sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ka ọdún. Ó kà á lórí ìka. Ọmọ ọdún méje ní 1986, ní Jeju tí ọmọ ti pé ọdún kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó tún un kà, nítorí pé kì í gé bébà láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe Ehoro. Ọdún Ọ̀bọ ni wọ́n bí i, 1980. Kò fi ọdún mẹ́ta ju Jongim lọ. Jongim ló fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ.

Ilẹ̀kùn ìta ṣí.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Gibom wọlé tòun ti ike dúdú kan, ìrẹsì tí wọ́n ká sínú ewé òkun àti ọsàn ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ wá jẹun kí ẹ tó..."

Ó rí i. Ike náà já bọ́, ọsàn sì yí lọ káàkiri yàrá.

"Mo bẹ Àǹtí Sundok pé kí wọ́n má rán yín wá síbí," ó wí jẹ́jẹ́.

"Oníṣẹ́ rẹ ti fẹsẹ̀ rọ́." Jongim kò dìde lórí garawa. "Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Gibom gbọ́ ọ. Ó wo òpó, ó wo obìnrin náà.

"Ẹ ti rí i."

"Mo ti rí i. Àfi bí o bá ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ."

"Rárá. Èmi ni àbíkẹ́yìn."

"Ọdún Ọ̀bọ."

"Ọdún Ọ̀bọ."

"O sì jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní bùrọ̀dá fún oṣù mẹ́sàn-án!"

"Ó ń dùn mọ́ mi ni, Àǹtí Jongim. Kò sẹ́ni tó pè mí ní bùrọ̀dá rí nílé wa. Ajá wa gan-an dàgbà jù mí lọ."

"Tún pè mí ní Àǹtí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá fi gọ́ọ̀mù yìí lẹ ẹnu rẹ pọ̀. Ta ló ní kí o purọ́?"

"Mi ò pa á. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu Àǹtí Sundok ní ọjọ́ náà gan-an bí ẹ̀yin náà ṣe gbọ́ ọ. Ìyẹn ni núdù ṣe há mi lọ́fun. Nígbà tí mo lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ẹ ti búra pé ẹ ò ní fẹ́ ọkùnrin tó bá kéré sí yín láé. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́ títí ìfẹ́ yóò fi wọra. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó di méjì. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò mọ ibi tí èèyàn ń gbà jáde."

Jongim rántí. Lóòótọ́ ló búra, nínú ilé ìtajà bébà, lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan tó kéré sí i sọ fún un lẹ́yìn ọdún méjì pé òun kò tíì ṣe tán. Bébà márùn-ún ló ya lọ́jọ́ náà. Àǹtí kì í gbàgbé bébà tó bá ti ya.

"Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Ìyẹn ló fà á tí o kò fi mú mi wá síbí?"

"Gbogbo wọn ló ń pè mí ní 'kékeré ilé Hyon'. Ilé ìtajà ẹja yẹn nìkan ló wà nítòsí láti sá sí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ọsàn kí ọwọ́ rẹ̀ lè ní iṣẹ́. "Ṣùgbọ́n, ẹ má bínú... kí la wá fẹ́ sọ nípa ọdún Ẹṣin?"

Jongim dìde lórí garawa. "Ẹṣin wo?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi ní káàdì yín lọ́jọ́ Gapado. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù méjèèjì."

Omi ń kán láti ara ògiri. Jongim rí ara rẹ̀ ní èbúté, tó na ọrùn bí ògòǹgò láti wo káàdì ẹlòmíràn, nígbà tí tirẹ̀ wà ní gbalasa lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Láti oṣù kẹrin?"

"Láti ọjọ́ náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, ó tán, Dírágónì ni wọ́n. Mo wá wọ ọkọ̀ tẹ̀lé yín."

"O ò sì sọ nǹkan kan!"

"Mo ń dúró kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiyín, kí tèmi lè rọrùn. Ẹ ò jẹ́wọ́. Ẹnu yín le."

Jongim kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbìyànjú láti mú ojú le, ó bojú wo òpó, ó wo ìlà kékeré tó kan ìbàdí rẹ̀, ẹ̀rín sì ti inú rẹ̀ wá tó fi di ògiri mú. Ògiri náà ṣì tutù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kún fún gọ́ọ̀mù àtijọ́.

Nígbà tó dákẹ́, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Oṣù kẹwàá ńkọ́? Má purọ́ kan mọ́."

Gibom dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé ìkòkò ìrẹsì oníná kan jáde, àtijọ́, tí ìdérí rẹ̀ ti ṣá.

"Èyí ló kó wá ní Ọ̀sẹ̀ Ìkẹ́rù ọdún tó kọjá. Màmá mi ló ní kí n gbé e wá, kí ó lè jẹ́ pé lábẹ́ òfin ọ̀run mo ti kó wọlé. Màmá fúnra wọn ló kù tó yẹ kí wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé ọ̀la. Oṣù kẹwàá ni ọ̀la náà tó dé. Èmi ni mo pẹ́, ìkòkò mi kò pẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá mi?"

"Wọ́n ti gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọgbọ́n mi bá ọbẹ̀ lọ."

Jongim na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀ lórí àkàbà. Ó pe ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí ìyàwó, abọ́ kan ló wà nílé, irọ́ ọjọ́ orí ni, Àǹtí Sundok ló sì pa á.

"Sundok!" Ohùn ìyá náà kún yàrá. "Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹranko wo ni ọmọ náà?"

"Ọ̀bọ."

Jongim mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń kà á lórí ìka.

"Dírágónì... Ejò... Ẹṣin... Àgùntàn... Ọ̀bọ. Ọdún mẹ́rin. *Ọdún mẹ́rin,* Jongim! Ọdún mẹ́rin ni ẹ wà sí ara yín, tí èmi ń sùn tí mi ò lè sùn? Ta ló ń lọ bèèrè lọ́wọ́ awòràwọ̀ bí ó bá ti jẹ́ ọdún mẹ́rin? Kò sí èyí tó bára mu jù ú lọ!"

"Màmá, èmi ni mo fi mẹ́rin náà jù ú lọ."

"Ọdún mẹ́rin náà ni. Ṣé mẹ́rin mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni?" Ó mí kanlẹ̀. "Oṣù kẹwàá ńkọ́?"

"Ìkòkò ìrẹsì rẹ̀ ti wọlé ní Ọ̀sẹ̀ Ìkẹ́rù."

"Hẹn." Ohùn náà rọ̀. "A jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Sọ fún un pé ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì wà."

Jongim pa fóònù. Gibom ṣì dúró pẹ̀lú ìkòkò láyà bí ẹni gbé ọmọ.

"Wọ́n ní ọbẹ̀ rẹ ṣì wà."

"Mo gbọ́. Gbogbo Mosulpo ló gbọ́." Ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ̀yin wí?"

"Yé fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò lè ṣe é. Ẹ dàgbà jù mí lọ."

"Gibom, iṣẹ́ ń dúró dè mí. Kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí o sì bá mi po gọ́ọ̀mù. Má jẹ́ kó ṣù."

Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Gibom ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn bébà, Jongim ń gbà á lókè àkàbà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lé afẹ́fẹ́ jáde láti àárín lọ sí etí, ó ń gé etí rẹ̀ kó bá igun tí kò gún mu. Bébà náà jẹ́ àwọ̀ wàrà, láìsí òdòdó. Gibom ti yàn án láìbéèrè, ó sì yàn án dáadáa. Nígbà tó ku ẹ̀bá ilẹ̀kùn nìkan, Jongim sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó na ìṣó kan sí Gibom.

"Fi àmì sí ibi tí orí mi dé."

Gibom ṣe bẹ́ẹ̀. Jongim gba ìṣó náà padà, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀, jinlẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: *Bu Jongim, ọmọ ọdún 1976.* Ó fẹ́ ẹ̀gún igi náà kúrò. Lẹ́yìn náà ó gbé bébà tó kẹ́yìn, ó lẹ̀ ẹ́ bo gbogbo rẹ̀, Giok, ọmọ ọdún méje náà àti òun, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nà án títí kò fi sí ìwú kankan níbẹ̀.

Ó fọ ọ̀bẹ. Ó ká àkàbà. Gibom tẹ̀lé e dé ẹnubodè, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ gba àárín òkúta.

"Má ṣí fèrèsé títí di ọ̀la," Jongim wí, ó ń so àkàbà mọ́ orí ọkọ̀ rẹ̀. "Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i kó tó gbẹ, ó máa fà, á sì ya."

"Mi ò ní ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fún mi lésì."

"Lọ́la kí ọ̀sán tó pọ́n, wá àyè sílẹ̀ ní ilé ìdáná. Ìkòkò ìrẹsì ń bọ̀."

Gibom bojú wẹ̀yìn. "Ìkòkò wà nílé."

"Tìrẹ nìyẹn," Jongim wí. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì mú ọ̀nà Hallim pọ̀n, nítorí pé yàrá mẹ́fà ṣì kù.